Ẹsẹ̀ Mi àti Ọmú Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ yàrá dókítà, tí wọ́n ní kòkòrò kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó ń ba ẹsẹ̀ yín jẹ́, tí ẹ ò sì gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé yín, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ èyí fún. Èmi náà ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo wá ẹnì kan ṣoṣo tó ti ṣe irú àìsàn yìí kiri gbogbo Ìbàdàn, kí n lè bi í pé báwo ló ṣe ń sùn, mi ò rí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pọ̀ o, ṣùgbọ́n inú yàrá ni àwọn ará ilé wọn ń fi wọ́n pamọ́ sí. Mi ò ní oògùn kankan tí mo fẹ́ júwe. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń bọ̀, kó má bàa ká yín mọ́ bó ṣe ká mi mọ́.

Sàlámọ́tù ni orúkọ mi. Agboolé bàbá mi wà ní Bẹyẹrunkà, ilé ọkọ mi ò sì jìnnà sí Ọjà'ba. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Bẹẹrẹ, níbi tí èèyàn ti ń gòkè lọ sí Mápó, aṣọ àwọn ọmọléèwé ni wọ́n sì mọ̀ mí mọ́. Làtí ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo la ní nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Ràṣídátù, tó ti ń lọ sí girama. Oyún ti bàjẹ́ lára mi lẹ́yìn rẹ̀, a sì ti gbà pé ohun tí Ọlọ́run fún wa náà nìyẹn.

Bàtà sílípáàsì ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀. Mo ń bọ̀ láti Gbági lọ́jọ́ kan, mo ru ìdì aṣọ lórí, ni ọkùnrin kan bá ké sí mi látẹ̀yìn pé, "Ìyá, ẹ dúró o! Bàtà yín ló wà nílẹ̀ yìí." Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ òsì wà lórí ọ̀dà lásán, mi ò sì mọ ìgbà tí bàtà bọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní bàtà ló ti gbó. Mo ra òmíràn, ìyẹn náà ń bọ́. Bí mo bá ń gun òkè Mápó, ìka ẹsẹ̀ mi á máa wọ́ nílẹ̀, wọ́ọ́, wọ́ọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fa ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán.

Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tún yàtọ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò láti ìgbà tí mo ti gba fíríídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Bí mo bá ní kí ẹsẹ̀ dúró, kò ní dúró mọ́. Á máa gbọ̀n gìrìgìrì lórí pátákó ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á sì sáré kọjá ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà sí. Ìyá Ẹbùn tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní, "Ìyá Ràṣí, ta lẹ ń lé?" Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Bó bá ti gbọ́ tí ẹ̀rọ ń sáré, á kàn yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí síta, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ò tíì rí ẹni sọ ọ́ fún. Bó bá ti gbọ̀n mí báyìí, kì í dúró dè mí dé ẹ̀yìnkùlé. Mo lè ṣe àlùwàlá tán, kí n tó dé orí ẹní ìrun ó ti bàjẹ́. Orúnkún mi kì í fẹ́ ká, bó bá sì ká, kì í fẹ́ nà, bẹ́ẹ̀ ni ìforíkanlẹ̀ ṣe di ogun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo fi ìtìjú bi Alfa àdúgbò wa léèrè, ó wo ilẹ̀ kó má bàa wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ máa jókòó kírun, ìyá. Ẹ máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, bó bá sì dà sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń kírun lọ́wọ́, ẹ má dúró. Ọlọ́run mọ̀." Mo sunkún dé ilé. Àánú tó fi bá mi sọ̀rọ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti kúrò ní kékeré.

Nílé, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti dá ẹjọ́ náà tán lọ́kàn ara rẹ̀. "Ó tẹ nǹkan ni," ló ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí mi. "Ẹni tó ń jí la oríta kọjá lójoojúmọ́! Kí ló fẹ́ kó ṣe òun?" Ó mú ọkùnrin kan wá tó sín gbẹ́rẹ́ yí ọrùn ẹsẹ̀ mi ká, tó fi ẹ̀tù dúdú ra á títí omi fi bọ́ lójú mi. Òmíràn ní òtútù ló wọ̀ mí léegun, ó ní kí wọ́n máa fi bíríkì gbígbóná tẹ ìbàdí mi. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Bí mo bá ní ó tó, Ìyá Àgbà á ní, "Ọ̀nà kan ò wọjà, Sàlámọ́tù. Àbí o fẹ́ máa rákò bí ìyá rẹ?" Màá tún gbà fún wọn.

Ìyá Ẹbùn náà ń ṣe tirẹ̀. Aládùúrà ni, ó sì fẹ́ràn mi. Ó fi dandan mú mi lọ sí ilé àdúrà wọn ní Òkè Bọ́lá, èmi Mùsùlùmí, mo jókòó sórí yanrìn láìwọ bàtà, wọ́n ń da omi sí mi lórí, wọ́n ń kọrin. Mi ò ní í sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Obìnrin kan níbẹ̀ fọ ẹsẹ̀ mi bí ẹni fọ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n dìde kí n máa rìn ní orúkọ Jésù, mo dìde, mo sì ṣubú.

Làtí kì í sọ púpọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó rà, á rà á. Bọ́ọ̀sì tó jẹ́ tirẹ̀ di ti ẹlòmíràn báyẹn, ó wá ń wà á fún ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú wàhálà yìí ni mo tún ti lóyún. Kò sẹ́ni tó rò ó. Inú gbogbo ilé dùn débi pé wọ́n gbàgbé ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá ní mi ò lè dìde, wọ́n á ní oyún ni. Mo bí Kàmọ́rù láyọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dìde láti gbé e lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹsẹ̀ méjèèjì le gbagidi bí igi, wọ́n sì kọjú sí ara wọn. Ògiri ni mo dì mú. Lọ́jọ́ yẹn ni Làtí sọ níwájú ìyá rẹ̀ pé, "Ó tó. Ọsibítù ló kù."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ sùúrù, kó lọ tò sí ọsibítù ìjọba. Làtí á gbé mi lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó tó lọ gbé èrò àkọ́kọ́. Á gbé mi sọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, á gbé Kàmọ́rù lé mi lẹ́sẹ̀, á sì lọ. A óò máa sún lórí bẹ́ǹṣì náà, ìdí kan lẹ́yìn òmíràn, àmọ́ èmi ò lè sún, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá mi fà á. Mo kọ́ láti má mu omi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí n má bàa tọ̀ sórí ìjókòó. Bí ó bá wá kan èmi, nọ́ọ̀sì á jáde, á ní, "Dókítà ti lọ sí wọ́ọ̀dù, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Nígbà mìíràn, a óò dé ẹnu géètì, wọ́n á ní àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà kan ní làkúrègbé ni, ó fún mi lóògùn. Òmíràn ya àwòrán ẹ̀yìn mi, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní bóyá ìrònú ni.

Ẹni tó wá rí i ni Dókítà Fálọ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ awò. Ó fi òòlù rọ́bà kékeré kan orúnkún mi, ẹsẹ̀ mi sì ta sókè, díẹ̀ ló kù kó gbá a lágbọ̀n. Kò bínú. Ó tún kàn án, ó tún ta. Ó wá bi mí pé, "Nínú ẹbí yín, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣe báyìí rí?"

Mo ní, "Ìyá mi. Wọ́n ní ayé ló ṣe é."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì jiyàn. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó fa omi díẹ̀ ní ọ̀pá ẹ̀yìn mi. Ó ní wọn kì í ṣe irú àyẹ̀wò tí òun ń fẹ́ níbí, òun máa bá mi fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun kan lókè òkun. A dúró dè é títí òjò fi dá, tí ọyẹ́ sì dé. Mo ti gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Kàmọ́rù wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ó ń ké, mo bá fún un lọ́mú, kí n lè gbọ́ ohun tí dókítà fẹ́ sọ.

"Màmá Ràṣí," ló ní, "kòkòrò kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà fún wa. Inú àwọn ọmọ ogun yẹn gan-an ni kòkòrò yìí ń gbé. Kì í pa wọ́n. Àwọn nǹkan tín-ín-tín kan ló ń ṣe jáde níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń bá wọn yí àṣẹ padà. Nígbà tó bá yẹ kí wọ́n gbọ́ pé 'ó tó, ẹ lọ sinmi', wọn kì í gbọ́. Wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á máa bínú kiri. Àwọn tó yẹ kó máa dá wọn lẹ́kun, àwọn náà ò mọ iṣẹ́ wọn ṣe mọ́. Wọ́n ti wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn yín, níbi tí ara ń gbà rán ẹsẹ̀ níṣẹ́, wọ́n sì ń bà á jẹ́."

Mo ní, "Ṣé ara mi ló wá ń na ara mi ni?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, Màmá."

"Ṣé éèdì ni?" Mo ti gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Rárá o. Ìbátan ni wọ́n. Ìyẹn ń pa àwọn ọmọ ogun ara run ni, èyí ń sọ wọ́n di wèrè."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "A ní èyí tó lè bá wa pẹ̀tù sí wọn nínú díẹ̀. Èyí tó máa lé kòkòrò náà jáde, kò sí. Kò sí níbí, kò sì sí lókè òkun."

Mo wá bi í léèrè ohun tí gbogbo wa máa ń béèrè. Mo ní, "Ta ló fi sí mi lára?"

"Kò sẹ́ni tó fi sí yín lára. Ó lè gba ara ọkọ tàbí aya ràn, ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà séèyàn lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ní ti ìyá yín rí yìí, inú ọmú ló jọ pé ó gbà. Ìyá á fún ọmọ lọ́mú, kò ní mọ̀. Ó lè wà lára èèyàn títí irun rẹ̀ á fi funfun kó má ṣe é ní nǹkan kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní i lára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe lo ayé wọn. Díẹ̀ ló ń..."

Ó dúró síbẹ̀. Ó ti rí ohun tí Kàmọ́rù ń ṣe lórí ẹsẹ̀ mi.

Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ṣé kí n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀ ni? Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Dókítà ò sọ pé kí n já a. Àwa méjèèjì ń wò ó báyẹn títí ó fi mu tán.

Bọ́ọ̀sì ń lọ, mi ò gbọ́ ohun tí Làtí ń bi mí. Ìyá mi ni mò ń rò. Mo ti tó ọmọ tí ń pọnmi nígbà tí ẹsẹ̀ mú un. Ó fi ìdí wọ́ kiri inú agboolé títí ó fi kú. Wọ́n ní ìyàwó kejì bàbá mi, Ìyá Sáádù, ló fi ohun kan sí ẹnu ọ̀nà fún un. Obìnrin náà búra, ó fi Àlùkùráánì búra, wọn ò gbà. Mo rí i lọ́jọ́ tí wọ́n lé e jáde, ó ru ẹrù lé orí, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń hó lé e lẹ́yìn dé ẹnu títì. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tó kú sí ilé àwọn bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kù tí mo lè lọ bẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ń ṣe yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Dókítà ní kí n já Kàmọ́rù lẹ́nu ọmú, kí n máa se omi tí màá fi po wàrà agolo fún un títí tó fi máa hó dáadáa. Ó rọrùn láti sọ. Ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n rá. Èmi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò lè dìde. Á gbójú sókè, á rí mi, á máa rá bọ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá mìíràn á dìde, á sá wọ yàrá. Èmi ò lè sá. Mo ń wò ó bó ṣe ń bọ̀. Mo fi ewúro pa orí ọmú, ó tọ́ ọ wò, ó ké, ó tún padà wá. Mo fi ìborùn so àyà mi pinpin, ọmú kún, ó le bí òkúta, ibà mú mi. Á máa fi èékánná kékeré rẹ̀ tú ìborùn náà.

Ìyá Àgbà dúró lé mi lórí. "Kí ni mo ṣẹ̀ ẹ́, tó o fẹ́ pa ọmọ-ọmọ mi? Ọmú tí Ọlọ́run fi sí ẹ láyà! Ṣé òyìnbó ló ń fún ọmọ lómi ìyè ni?"

"Ìyá, inú ọmú yìí ni kòkòrò náà wà."

"Irọ́! Ìyá rẹ ò ha fún ìwọ ní tirẹ̀? O ò ha dàgbà?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ wo ẹsẹ̀ tí mo fi dàgbà."

Ó wò ó. Kàmọ́rù ti tún dé, ó di etí ìborùn mú, ó ń fà á, èmi náà sì ń sunkún kíkan. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà nílẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. "Mi ò gbà ẹ́ gbọ́ o," ló ní, "mi ò gbà ẹ́ gbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò yín báyìí." Ó pọ̀n ọ́n jáde lọ sí Ọjà'ba, kò sì gbé e wálé títí ìrun ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́ títí ọmú fi gbẹ. Títí ó fi kú, ó ń bá mi jà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló bá mi gba ọmọ náà là.

Ìgbà tí wọ́n wá ní irú àyẹ̀wò náà nítòsí, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò. Làtí ò ní i. Kàmọ́rù náà ò ní i. Mo yin Ọlọ́run lógo. Lẹ́yìn náà ni Dókítà Fálọ̀ di ọwọ́ mi mú, mo sì ti mọ̀ kó tó lanu. Ràṣídátù ní i. Ọdún méjì gbáko ni mo fi fún Ràṣí lọ́mú, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn mí nígbà náà pé mo tọ́mọ.

Ó pẹ́ kí n tó lè sọ fún un. Ìgbà tí mo sọ, ó ń dì mí nírun lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí mi. Ó ní, "Màmá, ṣé èmi náà máa dà bíi tiyín?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní dókítà sọ pé ọ̀pọ̀ ò ní ṣàìsàn rẹ̀ láé. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ̀. Ó di irun náà lọ títí ó fi tán.

Oògùn tí wọ́n fún mi mú kí ẹsẹ̀ dẹ̀ díẹ̀ fún ìgbà kan, ojú mi wú, kò wá ràn mí mọ́. Ẹni tó ń na ẹsẹ̀ fún mi ní ọsibítù ló kọ́ Làtí bó ṣe máa ṣe é, òun ló ń bá mi nà án láràárọ̀ kó tó jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa na tiyín, ẹ má fi sílẹ̀ kó gan. Mi ò rìn mọ́. Mo ti ta ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́wọ́ ni mo ń lò. Iṣẹ́ mi ò yá tó tàtijọ́, àmọ́ àwọn oníbàárà mi kan ṣì ń wá mi wá sílé. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń bínú sí ìyá mi. Àwọn ọjọ́ mìíràn, mo máa ń rántí pé kò sí ohun tó fẹ́ ju kí n yó lọ.

Ràṣí bímọ láìpẹ́ yìí, obìnrin. Kò fi ọmú kàn án lẹ́nu. Àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ wá, wọ́n ń wo ìgò fíídà lórí tábìlì, wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó, ọmú rẹ ò wá ni?"

Ràṣí ní, "Ó ń wá, mà. Àìsàn wà nínú rẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, níṣojú gbogbo wọn, kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ó po wàrà náà, ó dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi fún un." Mo gbà á. Ọmọ náà mu ún tán, ó gùnfẹ̀, ó sì sùn lọ lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì tí ò lè gbé mi.